Ìyá Ìpáǹle

Guadalajara, Mexico
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, 1986

Ìyá mi,

Ẹ kú òtútù o. Ẹ kú yìnyín kíkó. Mo mọ̀ pé bí ẹ ṣe ń ka ìwé yìí, ṣọ́bìrì wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yìn sì ń ro yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Nobuo bá yín gun òrùlé yẹn. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta kì í gun òrùlé torí pé kò fẹ́ kí aládùúgbò ran òun lọ́wọ́.

Mo ti dé láyọ̀. Ilé opó kan tó ń jẹ́ Dóńà Eulalia ni mo wọ̀ sí. Ó gbà pé ebi ló ń pa gbogbo ará Japan, ó sì fẹ́ fi èmi nìkan tún un ṣe. Búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ àti ẹ̀wà láàárọ̀, búrẹ́dì àgbàdo àti ẹ̀wà lọ́sàn-án. Ata wọn, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́.

Kí n tó kúrò nílé, ẹ ní kí n ṣàlàyé ìrìn àjò yìí, mo sì sá fún yín. Ó yá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé báyìí tí òkun wà láàárín wa, tí ìgbálẹ̀ yín ò lè dé ọ̀dọ̀ mi.

Ọdún mẹ́ta ni èmi àti Ebisawa fi jọ sun yàrá kan ní ilé ìkọ́ṣẹ́ ìjàkadì ní Tokyo. A jọ ń gbálẹ̀, a jọ ń se ọbẹ̀ fún àwọn ọ̀gá, a jọ ń fọ ṣòkòtò wọn. Ọmọ iṣẹ́ kì í wọ aṣọ àrà. Ṣòkòtò péńpé dúdú ló máa wọ̀, kò gbọdọ̀ fò, kò gbọdọ̀ dá bírà, kẹ́nikẹ́ni má baà mọ̀ ọ́n ju ọ̀gá lọ. Tó bá wá tó àkókò, ilé-iṣẹ́ á rán an lọ sókè òkun fún ọdún kan. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ gbé sókè, wọ́n á pè é padà, wọ́n á lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri gbogbo ibùdókọ̀ ojú irin. Èyí tí wọn ò bá fẹ́, wọn ò ní lé e o. Wọn ò kàn ní kọ̀wé sí i mọ́ ni. Mo mọ ẹnì kan tó ti lo ọdún mẹ́fà ní Puerto Rico. Ó ṣì ń retí.

Wọ́n rán Ebisawa lọ sí Kánádà, wọ́n rán èmi wá síbí. Gbogbo wa la mọ̀ pé àyè ẹnì kan ló wà lọ́dún yìí. Ebisawa ga, ó lẹ́wà, tó bá fò, àwọn ọmọbìnrin á máa ké. Ẹ̀yin lẹ bí mi, ẹ mọ ojú mi. Ọ̀gbẹ́ni Utsumi ló ń to ìjà, òun ló sì ń mú ẹni tó máa dìde àti ẹni tó máa jókòó. Nígbà tí mo ń lọ, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Máa jẹun dáadáa." Ìyá, ṣé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ pè padà nìyẹn?

Ẹ fún mi ní ọdún yìí. Ọdún kan péré.

Ọmọ yín,
Sadao


Itayanagi, Aomori
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹta

Sadao,

Ìwé rẹ dé. O ṣé tí o kọ̀wé, o sì kú àjò. Ta ló sọ fún ọ pé mo gun òrùlé? Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo gùn ún.

À ń gé ẹ̀ka igi ápù lọ́wọ́ nínú yìnyín tó dé orúnkún. Èmi àti Nobuo ni. Ọmọ aládùúgbò wa yìí, mi ò ní purọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ igi. Ó sì ti ń bẹ̀ mí láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú pé kí n yọ̀ǹda ọgbà fún òun. Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, kí o má sọ pé mi ò sọ ọ́. Mo fún ọ ní ọdún kan. Tí àwọn èèyàn rẹ bá pè ọ́ padà, Nobuo ló ni ọgbà, kí o lọ máa jà. Tí ọdún bá parí tí wọn ò pè ọ́, o máa wálé wá di ayùn mú. Igi ọgọ́jọ ni bàbá rẹ fi sílẹ̀. Wọn ò lè máa dúró de ẹni tí ń dúró de lẹ́tà.

Ní ti yíyan tí ò ń sọ, kí ló ṣòro níbẹ̀? Orí ìdì kọ̀ọ̀kan, ápù márùn-ún ló ń yọ. Ti àárín là ń fi sílẹ̀, a ó já mẹ́rin yòókù sọnù. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Igi ò lè bọ́ gbogbo wọn ni. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá pa ti àárín, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ la máa gbójú lé. Torí náà, jẹ ẹ̀wà obìnrin yẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Bàbá rẹ ò fi èso tó bàjẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí rí títí ó fi kú. Tí wọ́n bá máa nà ọ́, kí wọ́n nà ọ́ bí ọmọlúàbí. Má ṣe ohun tí màá tìtorí ẹ̀ máa gba ẹ̀yìnkùlé lọ ra iyọ̀.

Fi fọ́tò ránṣẹ́. Ìyá Nobuo ń yọ mí lẹ́nu.

Ìyá rẹ


Guadalajara
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹrin

Ìyá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ọgbà o. Ẹ ní ẹ̀ẹ̀mejì péré! Ó dáa, mo gbọ́.

Ojú tì mí níbí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, apá òsì èèyàn la máa ń kọ́kọ́ dì mú. Gbogbo oníjàkadì Japan ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, ó ti wọ ara wa bí ìgbà téèyàn ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Àṣé apá ọ̀tún ni wọ́n ń mú níbí! Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Agogo dún, mo na ọwọ́ síbí, òun náà ya sọ́hùn-ún, orí pàdé orí, gbàà! Àwa méjèèjì jókòó sílẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ló fi mí rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo dìde, mo ká ọwọ́ mọ́ àyà, mo sì fi irú ojú tí ẹ máa ń fi wo oníbàárà tó bá ná ápù yín ní ìnákúnàá wò wọ́n. Ẹ̀rín dá wáí. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.

Bí mo ṣe wọlé, Don Macario tó ń kọ́ wa níbí gbá mi mọ́ra. Ó ní láti ogún ọdún, òun ò tíì rí ojú ẹni tó jí àkùkọ aládùúgbò gbé bíi tèmi yìí. Ó ní ẹ̀bùn ni.

Ẹgbẹ́ méjì ni oníjàkadì ilẹ̀ yìí, àwọn ọmọlúàbí àti àwọn ìpáǹle. Don Macario ti fi mí sí ọ̀kan. Ẹ má béèrè èwo. Àwọn èrò ò fẹ́ràn mi o. Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n da ife omi lé mi lórí. Mo ń gbàdúrà pé kó jẹ́ omi. Inú mi ń dùn ṣá. Ẹ má dààmú.

Ọmọ yín,
Sadao


Itayanagi
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Sadao,

Mi ò kí ọ. Mi ò béèrè àlàáfíà rẹ. Ara rẹ le, mo ti fojú ara mi rí i.

Ìyá Nobuo ló gbé ìwé ìròyìn ìjàkadì wá, ó fi aṣọ bò ó bí ẹni tó gbé òkú ológbò. Ó ní, "Ìyá Sadao, ẹ jókòó ná kẹ́ ẹ tó wò ó." Mo jókòó. Ìwọ nìyẹn! O ki eyín bọ iwájú orí bàbá arúgbó, o fi ọwọ́ fa aṣọ ìjà tó fi bojú ya, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ìwọ sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa mí, Sadao. Kí èèyàn bínú, mo mọ ìbínú. Àmọ́ ta ló kọ́ ọ ní ẹ̀rín yẹn? Ajá là ń kọ́ pé kó má bu èèyàn jẹ. Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ́ ọmọ mi náà.

Láti oṣù kẹrin ni mo ti ń bú àwọn ará Mexico nítorí omi tí wọ́n dà lé ọ lórí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Mo yí fọ́tò bàbá rẹ kọjú sí ògiri fún ọjọ́ mẹ́ta kó má baà rí ohun tó wà lórí tábìlì. Ní ilé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, bí mo bá wọlé, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn. Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Bó bá ní àlàyé, kọ ọ́ kó yé mi. Bí kò bá ní, má dúró dìgbà tí ọdún máa parí. Wálé.

Ìyá rẹ


Guadalajara
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà

Ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ ní kí n dìde.

Bọ́ọ̀lù àgbáyé ni gbogbo ìlú ń wò, kò sí ìjà lọ́sẹ̀ yìí, ilé ni mo wà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti fà á ya. Dóńà Eulalia rí bébà nílẹ̀, ó rò pé obìnrin ni.

Àlàyé wà, Ìyá. Mi ò lè sọ ọ́ ni. Lọ́jọ́ tí mo wọ iṣẹ́ yìí, wọ́n mú mi búra pé ohun inú iṣẹ́ ò ní ti ẹnu mi dé etí ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́, ìbáà jẹ́ ìyàwó, ìbáà jẹ́ ìyá. Àwọn àgbà wa kan ti kú tí ìyàwó wọn ò gbọ́ ọ rí. Bí mo bá sọ ọ́ fún yín, mo mọ̀ pé ẹ ò ní tú u síta. Ṣùgbọ́n èmi á mọ̀ pé ẹnu mi là. Bí ẹnu mi bá là fún ẹni tí mo fẹ́ràn jù, ta ni mo tún máa pa á mọ́ fún?

Ohun tí mo lè sọ ò ju èyí lọ. Ọmọ yín ṣì ni mí. Ara bàbá tí ẹ rí yẹn le, ó sì ní kí n kí yín.

Ó dùn mí o. Ó dùn mí pé ẹ gbà á gbọ́. Mo sunkún, mi ò ní tijú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn, kódà kó jẹ́ èébú.

Sadao


Guadalajara
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹjọ

Ìyá mi,

Ẹ kú ooru. Ẹ kú ọdún àwọn òkú ọ̀run. Ẹ bá mi bu omi sí ibojì bàbá mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ rèé, mi ò gbúròó yín. Ṣé ara yín dá? Mo kọ̀wé sí Nobuo, òun náà ò fèsì.

Wọ́n ti pe Ebisawa padà. Mo rí àwòrán rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, aṣọ funfun, òdòdó lọ́rùn. Ẹni tó lẹ́wà ti dé. Ilé-iṣẹ́ ò kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sí mi. Mo ń jẹun dáadáa, bí wọ́n ṣe wí.

Bó bá jẹ́ pé mo pàdánù iṣẹ́ yìí, màá wálé, màá sì gé igi. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí n ti pàdánù ẹ̀yin náà.

Sadao


Itayanagi
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án

Sadao ọmọ mi,

Fọkàn balẹ̀. Ara mi dá. Mo ti lọ sí Tokyo mo sì ti bọ̀, ohun tó dá ọwọ́ lẹ́tà dúró nìyẹn. Jókòó kí o tó kà á.

Nígbà tí ìwé rẹ ti oṣù kẹfà dé, tí o ní àlàyé wà ṣùgbọ́n o ò ní sọ ọ́, ẹnu ọ̀nà ni mo ti kà á, mo sì sọ nínú ara mi pé ọmọ yìí ti bàjẹ́ tán, ó kàn fi ọgbọ́n ẹnu bò ó ni. Kí ni ìyá ń ṣe bí ọmọ rẹ̀ bá ṣe èèyàn léṣe? Ó ń lọ bẹ̀bẹ̀. Mo dúró kí ápù àkọ́so pọ́n, mo ṣa èyí tó dáa jù kún àpótí kan, mo wọ aṣọ dúdú tí mo wọ̀ lọ síbi òkú bàbá rẹ, mo wọkọ̀ ojú irin. Mo fẹ́ lọ kúnlẹ̀ fún ọ̀gá rẹ, kí n ní kó jì ọ́, kó rán ọ wálé.

Akọ̀wé gba àpótí, ó gbé e wọlé, ó ní kí n dúró. Ìgbọ̀nsẹ̀ ń gbọ̀n mí. Mo wá ilé ìgbẹ́ lọ. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn ò kọ nǹkan kan sí i. Mo ṣí èkejì.

Sadao, Ōtake ni mo bá níbẹ̀, àgbà oníjàkadì yín, èyí tí àwòrán rẹ̀ wà níbi gbogbo. Ó fi awò sójú, ó ń fi abẹ́rẹ́ rán ìdí ṣòkòtò. Ṣòkòtò ta ni? Ti òyìnbó gìrìwò tó fi àga la orí rẹ̀ lóṣù keje, tí ìwé ìròyìn ní bí wọ́n bá pàdé ní títì, ọ̀kan á kú! Òyìnbó náà ló jókòó tì í yẹn, ó ta aṣọ ìnura mọ́dìí, ó ń bó ọsàn, ó ń fi sí Ōtake lẹ́nu ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan torí pé ọwọ́ ìyẹn ò dilẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wa. Mo ní, "Ẹ má bínú, mo ṣi ilẹ̀kùn ni." Mo tì í padà.

Ìyá rẹ kì í ṣe òmùgọ̀. Orí ìdúró ni gbogbo ẹ̀ ti yé mi. Ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹ̀rín yẹn, bàbá arúgbó tó ń kí mi, wọ́n ti jọ fẹnu kò sí i kí wọ́n tó jà. Iṣẹ́ ni! Iṣẹ́ ni ọmọ mi ń ṣe, ó sì ń ṣe é dáadáa débi pé ìyá tó bí i kọ̀ ọ́. Orí mi wú. Ó ń ṣe mí bíi kí n jó, ó sì ń ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí. Mo fẹ́ máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pe orúkọ mi.

Mo wá rò ó. Bí mo bá wọlé tí mo ń rẹ́rìn-ín, ọ̀gá rẹ á ní ìwọ lo sọ fún mi. Mo wọlé, mo wólẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ẹkún oṣù mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀, mi ò wá a jìnnà.

Ọ̀gbẹ́ni Utsumi fò dìde. "Ìyá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ yẹn ò mọ́!" Èèyàn kúkúrú, tó ń mu sìgá bí iná igi tútù. Ó béèrè ohun tí o sọ fún mi nípa fọ́tò inú ìwé ìròyìn yẹn. Mo yọ lẹ́tà rẹ fún un. Ó kà á, ó tún un kà. Ó pa sìgá.

Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ mọ bí mo ṣe ń mú ẹni tí màá gbé sókè?"

Mo ní, "Ápù ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń mú."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí ìjà bá ń lọ, mo máa ń kọ̀yìn sí i ni. Èrò ni mo máa ń wò. Ẹni tó bá ń jà tí wọ́n gbàgbé oúnjẹ ọwọ́ wọn, òun ni. Ẹlẹ́wà pọ̀ nílẹ̀. Mo ti pe Ebisawa, wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa na Ebisawa títí àwọn èèyàn á fi fẹ́ gbèjà rẹ̀? Ẹni tí èèyàn lè kórìíra látọkàn wá ṣọ̀wọ́n. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ á sì pa mọ́..." Kò parí ẹ̀. Ó wo lẹ́tà rẹ. Ó ní, "Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń sọ fún ìyá wọn."

Ó mú ápù kan, ó gé e jẹ, ó ní kí n lọ sílé, kí n má bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Kò ṣèlérí kankan. Mi ò béèrè.

Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ o. Ilẹ̀kùn ni mo ṣì. Dárí jì mí, ọmọ mi. Mo kù gììrì dá ọ lẹ́jọ́.

Ìyá rẹ


Tokyo
Ọjọ́ kẹta, oṣù kọkànlá

Ìyá mi, ìyá mi, ìyá mi,

Wọ́n pè mí! Tẹligíráàmù dé ní oṣù kẹwàá, ọ̀rọ̀ méjì péré, "Padà wá." Dóńà Eulalia sunkún, ó di ẹ̀wà fún mi. Tokyo ni mo ti ń kọ eléyìí. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ sí àárín ilé. Kò sí ohun tí mo fẹ́ dárí jì. Oore tí ẹ ṣe mí, títí ayé ni.

Ọ̀gbẹ́ni Utsumi ní àyè ẹnì kan tí a rò, àṣé ti ẹni méjì ni. Ebisawa ni ọmọlúàbí, èmi ni ìpáǹle tó máa jẹ́ kó fojú rí màbo. Kò fún mi lórúkọ tuntun. Ó ní èyí tí bàbá mi sọ mí ti tó, kí àwọn èèyàn mọ ẹni tí wọ́n ń bú.

Ọ̀rọ̀ ṣì kù o. Ẹ mọ ibi tí wọ́n fi ìjà wa àkọ́kọ́ sí? Hirosaki! Ẹnu ọ̀nà ilé wa! Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù yìí, ọ̀sán. Ọ̀gbẹ́ni Utsumi ní bí ará ilé mi bá lè bú mi, kò sí ìlú tí kò ní bú mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún mi torí pé ọmọ wọn ni mí, ìtàn ti dojú rú lọ́jọ́ kìíní, òun á sì wá ìpáǹle mìíràn. Ìjà kan yìí ni.

Ẹ sì mọ àwọn èèyàn wa. Olè tó bá ti ń sọ èdè Aomori, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyá Nobuo ti kọ̀wé sí mi pé àwọn ti dárí jì mí, ọ̀dọ́ ló ń ṣe mí, wọ́n ti háyà bọ́ọ̀sì méjì, wọ́n sì ń rán àsíá. Àsíá, Ìyá! Mo gbé.

Ẹ má wá, mo bẹ̀ yín. Bí mo bá ṣe é dáadáa, ẹ máa gbọ́ èébú tí kò dáa. Bí mo bá kùnà, mi ò fẹ́ kó ṣojú yín.

Sadao


Itayanagi
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejìlá

Sadao,

Mo lọ. Ta ni yóò sọ pé kí n má lọ? Bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ni mo wọ̀, ẹ̀gbẹ́ ìyá Nobuo, àsíá wà lórí ẹsẹ̀ wa. Wọ́n kọ "Ọmọ Itayanagi, a wà lẹ́yìn rẹ" sí i, lẹ́tà pupa, gìrìwò.

O jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́. O fa irun Ebisawa, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. O tẹ ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyá Nobuo ní, "Ẹ wo bó ṣe lágbára! Àti kékeré ló ti ń gbé àpótí!" Ebisawa ọmọ ọlọ́mọ ń wò káàkiri bí àlejò tó ṣi ilé wọ̀. Mo wo ẹ̀yìn. Ọ̀gbẹ́ni Utsumi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó kọ̀yìn sí ìwọ, ó ń wo àwa, ó ń mi orí. O bu Ebisawa jẹ, àtẹ́wọ́! Mo rí bí o ṣe jí ojú wo ẹnu ilẹ̀kùn. Àwọn yòókù ò rí i. Èmi ni mo bí ọ, mo rí i pé ẹ̀rù ti ń bà ọ́.

Mi ò ké lójú èèyàn rí láyé mi. Nípàdé ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n á bẹ̀ mí kí n tó yanu. Mo dìde dúró lórí àga.

Mo ní, "Mikami Sadao! Ojú ò tì ọ́? Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn? Wàrà tí mo fún ọ mu, pọ̀ ọ́ síbẹ̀! Èmi kọ́ ni mo bí irú eléyìí! Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún un mọ́, ẹ̀yin èèyàn, ẹ̀ ń pa mí lára!"

Wọ́n dáwọ́ àtẹ́wọ́ dúró. Wọ́n mọ̀ mí. Wọ́n mọ̀ pé èmi Mikami Kiwa kì í ké. O yíjú, o rí mi. Ẹnu rẹ ṣí díẹ̀, mo rò pé o fẹ́ pè mí ní Ìyá. O wá fara ti okùn, o na ìka sí mi lójú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn, o ní, "Ìwọ arúgbó yìí, jókòó! Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀?"

Háà! Ìwọ! Sí ìyá ẹ!

Ìyá Nobuo ló kọ́kọ́ bọ́ bàtà. Ó sọ ọ́, ó bà ọ́ ní èjìká, mo rí i. Tìmùtìmù ń fò, ọsàn ń fò. Nobuo fúnra rẹ̀ ló fa àsíá ya sí méjì. Àwọn àgbà ọkùnrin tó sin bàbá rẹ ń ṣépè fún ọ. Ebisawa bá dìde, ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó nítorí orúkọ rẹ̀. Mo tún wẹ̀yìn. Ọ̀gbẹ́ni Utsumi ti di ojú, ó gbé orí ti ògiri bí ẹni tó ń gbọ́ òjò lẹ́yìn ọ̀dá.

Inú mi dùn, Sadao, ó dùn débi pé omi ń da lójú mi, mi ò lè dá a dúró. Wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ni. Wọ́n gbé mi sáàárín, wọ́n ń rọ̀ mí. Kò sẹ́ni tó kọrin nínú bọ́ọ̀sì, ìyá Nobuo di ọwọ́ mi mú títí a fi délé. Láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ ò gbẹ lẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹni tó gbé ẹja wá ń lọ, ẹni tó gbé àkàrà ìrẹsì wá ń bọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ṣọ̀fọ̀. Oníkálukú ń sọ fún mi pé ọmọ ò ṣeé fọkàn tán láyé ìsinsìnyí. Mo ń dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe rí nìyẹn." Láàárọ̀ yìí, Nobuo tọwọ́ bọ̀wé lórí ọgbà. Ó ní kí n má sunkún mọ́, kí n fi òun ṣe ọmọ dípò ajá yẹn. Mo ní o ṣé, ọmọ mi.

Ọkùnrin tó ń ta tòfú ti sọ mí lórúkọ. Ó rò pé mi ò gbọ́. Gbogbo ìlú ló ti ń pè mí bẹ́ẹ̀ báyìí lẹ́yìn mi.

Má wálé lọ́dún tuntun o, wọ́n á lé ọ lókùúta. Èmi ni màá wá sí Tokyo. Màá sọ fún wọn pé mo fẹ́ lọ bá ọ wí.

Mo gbọ́ pé Sendai lẹ tún ń lọ ní oṣù kejì. Rán tíkẹ́ẹ̀tì ìlà iwájú sí mi. Ohùn mi há báyìí, ṣùgbọ́n ó máa là kó tó dìgbà yẹn.

Èmi ni,
Ìyá Ìpáǹle